Ọmọ Ìyá Mi Láti Àárọ̀ Yìí

Nígbà tí Alága kọ́kọ́ rí obìnrin náà, orí ọ̀kan nínú àwọn àga rẹ̀ ló jókòó sí, àga kọkànlélógójì láti apá òsì, ó sì ti fi ìborí rẹ̀ so báàgì rẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀. Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Òkun dákẹ́ rọ́rọ́. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn àwọn òtẹ́ẹ̀lì, òjìji wọn sì nà gùn lórí iyanrìn títí dé etí omi. Obìnrin náà la ojú sílẹ̀ kedere, ó ń wo omi bí ẹni tó bi í ní ìbéèrè kan tó sì ń dúró de èsì.

Alága kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọkùnrin yìí nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to ọgọ́fà àga sí etíkun kí àwọn àlejò tó jí, kó ṣí agbòòrùn ńlá kọ̀ọ̀kan sáàárín àga méjì-méjì, kó sì kó gbogbo rẹ̀ wọlé nírọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri ibẹ̀ ló pè é ní Alága, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀.

Ó rò pé àlejò tó tètè jí ni. Ó fi èdè ibẹ̀ sọ fún un pé kò tíì tó àkókò àti jókòó. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú ìborí, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, “Ẹsẹ̀ mi, dìde. Dìde, ká máa lọ. Wọ́n tún ti lé wa.”

Àga tí Alága gbé dání fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀.

“Ta ló lé yín?” ó bi í ní èdè ilé.

Obìnrin náà gbójú sókè wàrà. “Háà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

“Mo ní ta ló lé yín?”

“Gbogbo wọn ni. Òtẹ́ẹ̀lì mọ́kànlá. Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé mi, pákó ni mo bá lójú ilẹ̀kùn ẹ̀. Ọkùnrin tó ń kun ògiri ibẹ̀ ló sọ fún mi pé ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó ṣí i. Mo pe ẹni tó mú mi wá, kò gbé fóònù. Ọjọ́ kẹta rèé. Ibùdókọ̀ ni mo ń sùn. Àná ni àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà mi ṣí.”

Ó gbé ẹsẹ̀ sókè kó lè rí i. Ó ti fi okùn di bàtà náà yíká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì ta á ní kókó tó dúró dáadáa.

Alága yọ búrẹ́dì tó wà lápò rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi. Nígbà tí obìnrin náà jẹ ẹ́ tán, Alága sọ fún un pé obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ní àjà kẹta níbi iṣẹ́ òun ti lọ lánàá, wọ́n sì ń wá ẹlòmíràn.

“Ẹ jẹ́ ká lọ!” Obìnrin náà ti dìde.

“Ẹ dúró ná. Ọ̀gá wa kì í gba ẹni tó kàn yà wọlé láti títì. Ẹnì kan kó tówẹ̀lì àti rédíò lọ lọ́dún kan. Láti ìgbà náà, mọ̀lẹ́bí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ nìkan ló ń gbà. Òṣìṣẹ́ á dúró fún èèyàn ẹ̀, á sì fọwọ́ síwèé. Tẹ́ni náà bá ṣe nǹkan, àwọn méjèèjì ló ń lọ.”

Ó tún jókòó. “Mi ò ní mọ̀lẹ́bí kankan níbí.”

Alága wo òkun. Ó wo bàtà tó fi okùn dì. Láàárín àwọn èèyàn rẹ̀, ẹni tó bá sọ èdè rẹ ní ilẹ̀ àjòjì, àbúrò rẹ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ, kò sí ẹni tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ti pe ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì fọwọ́ síwèé lórí rẹ̀ rí ni.

“Ó dáa,” ó ní. “Ọmọ ìyá mi ni yín láti àárọ̀ yìí.”

“Kí ni ìyá wa ń tà?”

“Kí lẹ wí?”

“Tí wọ́n bá bi wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ńkọ́? Kí ni ìyá wa ń tà?”

Alága rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. “Òwú ìránṣọ. Ó ga, ó máa ń kọrin nínú balùwẹ̀, ojú ẹ̀ sì le sí ẹni tó bá pẹ́ dé.”

“Ẹ̀rù ẹ̀ ti ń bà mí.”

“Nǹkan kan tún kù. Tí mo bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́dọ̀ máa fi ‘ẹ̀yin’ bá yín sọ̀rọ̀.”

“Ẹ máa sọ ‘ìwọ’,” ó ní, ó gbọn iyanrìn kúrò láṣọ. “Ara mi gbà á.”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pe ọ̀gá wọn, nítorí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó máa ń há mọ́ ìbàdí. Obìnrin kúkúrú ni, èèyàn á ti gbọ́ ìró rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kó tó yọ. Ó gbé pásípọ́ọ̀tù méjèèjì síwájú, ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́.

“Orúkọ bàbá yín ò bára mu.”

“Ìyá kan, bàbá méjì ni, mà,” Alága ní.

“Ẹ ò sì jọra.”

“Bàbá tiẹ̀ ló jọ, mà.”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ti ìwé sí i. “Fọwọ́ sí i. Ohun tó bá ṣe, ìwọ lo ṣe é.”

Alága fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ó padà sídìí àga rẹ̀.

Bí obìnrin náà ṣe di Àbúrò fún gbogbo òtẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Yàrá mẹ́rìnlá ló gbọ́dọ̀ tún ṣe kí aago kan tó lù: kó tú bẹ́ẹ̀dì, kó fọ balùwẹ̀, kó ṣa irun kúrò lójú ihò omi, kó tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì mìíràn kí ó nà bí awọ ìlù, kó to ìrọ̀rí mẹ́rin láìsí àmì ọwọ́ kankan lára wọn. Lọ́jọ́ kìíní, mẹ́sàn-án ló ṣe. Omi ìfọlẹ̀ jẹ awọ ìka rẹ̀, èékánná méjì sì ya. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ kàn fi ìka kan gbọn igun bẹ́ẹ̀dì, aṣọ sì tú jáde.

Alága ti ṣiṣẹ́ yàrá rí ní ọdún tó kọ́kọ́ dé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn àlejò ti wọlé lọ jẹun, ó tẹ́ aṣọ tábìlì kan sórí àga etíkun, ó ní kó wá wò ó.

“Fà á wá báyìí. Ṣẹ́ ẹ ní igun. Kì í bọ abẹ́ àga. Má lù ú, rọra fọwọ́ nù ún lọ.”

“Báyìí?”

“Ìyẹn, bí ẹni di gàrí ni. Tún un ṣe.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ le o. Mo ti wá mọ̀ pé lóòótọ́ lẹ jọ ìyá wa.”

Ó tún un ṣe fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó parí yàrá mẹ́rìnlá nígbà tí aago kan ku ogún ìṣẹ́jú. Ó sáré sọ̀kalẹ̀ wá sí etíkun láti sọ fún un, ó sì dúró láàárín àwọn àlejò tó sùn sóòrùn, ó na ìka mẹ́rìnlá sókè, mẹ́wàá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Alága náà na ọwọ́ méjèèjì sókè. Agbòòrùn tó dì mú ṣubú lu ọkùnrin kan tó ń kàwé.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti lè to àga láìwo fèrèsé àjà kẹta.

Wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán nínú iyàrá àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí tábìlì rẹ̀ jẹ́ ti ike, tí fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí sí. Ibẹ̀ ni Alága ti mọ ohun tó gbé Àbúrò wá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà, ó sì ti ń pàdánù ojú rẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú kan, ó ku ìkejì, owó rẹ̀ ló sì wá ń wá. Iṣẹ́ àsìkò àlejò lásán ni wọ́n fi fún un ní ìwé ìgbélùú, ọjọ́ tí àsìkò bá parí ni ìwé náà máa kú, àfi tí ọ̀gá kan bá gbà á fún ìgbà òtútù. Tí kò bá sí ẹni tó gbà á, ilé ló ń lọ, láìtíì rí owó ojú kejì bàbá rẹ̀.

“Wọ́n máa gbà ọ́,” Alága ní.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Èmi ni mo sọ fún ara mi.”

“Ẹlẹ́rìí yín dúró ṣinṣin,” ó ní, ó sì bó ọsàn rẹ̀, ó pín in fún un láì tíì bi í bóyá ó fẹ́.

Ní oṣù kẹta tí Àbúrò ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń fi bọ́ọ̀sì kó àwọn àlejò láti pápákọ̀ òfurufú bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun mímu tútù wá fún Alága lọ́sàn-án. Ọmọ ilẹ̀ wọn ni, Awakọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó gbé e wá fún ọjọ́ mọ́kànlá, kò sọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejìlá, ó yọ fìlà.

“Ẹ̀gbọ́n wa.”

Alága wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ló ń bá sọ̀rọ̀. “Ìwọ ṣá fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ.”

“Mo mọ̀, sà. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni.” Awakọ̀ tẹrí ba, ní gbangba etíkun, níwájú àwọn tó wọ aṣọ ìwẹ̀. “Ìwé mi ti pé, kò sẹ́ni tó lè lé mi kúrò nílùú yìí. Mo ní yàrá méjì. Mi ò mutí, mi ò bímọ pamọ́ síbì kankan. Ẹ bá mi bi í.”

Alága mu ohun mímu náà títí ó fi tán, nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí ẹnu òun lè ṣe. “Màá bi í,” ó wí nígbẹ̀yìn.

Kò sí ẹ̀tàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó rò ó yíká bó ṣe ń kó àga. Ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ọdún kan péré ló kù lórí ẹ̀. Èyí tí Awakọ̀ fẹ́ fún Àbúrò ni ohun tó wá wá gan-an. Ó rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́ kò gbọdọ̀ pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ inú.

Ó bá a lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, níbi tó ti ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kúrò lórí okùn.

“Awakọ̀ fẹ́ fẹ́yàwó.”

“Kí wọ́n bá a yọ̀.”

“Ìwọ ló fẹ́ fẹ́.”

Ó ká aṣọ kan, ó fi mọ́ àyà. “Kí lẹ wá sọ fún un?”

“Mo ní màá bi ọ́. Ìwé ẹ̀ ti pé. Èèyàn dáadáa ni. Tó o bá gbà, kò sí...”

“Ṣé ẹ ti tà mí tán ni?”

“Mi ò tà ọ́. Iṣẹ́ tó rán mi ni mò ń jẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n ẹni ni wọ́n máa ń rán nírú iṣẹ́ yẹn. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ni yín?”

Afẹ́fẹ́ fẹ́ aṣọ tó kù lórí okùn, ó bò wọ́n lójú, ó tún ṣí wọn sílẹ̀.

“Mo bi yín o.”

“Nínú ìwé ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni.”

“Nínú ìwé ọ̀gá!” Ó ju aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀. “Ẹ bá mi sọ fún Awakọ̀ pé mo dúpẹ́, àmọ́ ẹnì kan ti wà lọ́kàn mi. Tó bá bi yín pé ta ni, ẹ sọ fún un pé òpònú kan ni. Àga ló ń tò.”

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ lọ. Alága dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mú kan tí wọ́n fi ń há aṣọ mọ́ okùn lọ́wọ́ títí ẹnì kan fi wá bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, òjò dé lójijì, àwọn àlejò sáré wọlé, ó sì ku Alága nìkan pẹ̀lú ọgọ́ta agbòòrùn. Ó rí Àbúrò tó ń bọ̀ nínú òjò, ó fi ike bo orí. Wọ́n jọ kó wọn títí wọ́n fi gbé èyí tó gbẹ̀yìn sínú yàrá ẹrù, omi sì ń kán lára àwọn méjèèjì sórí sìmẹ́ǹtì.

“Láti ìgbà tó o ti bi mí pé kí ni ìyá wa ń tà ni,” Alága ní.

“Kí ló ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà yẹn?”

“Má jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ tán. O mọ̀ ọ́n.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ gbọ́ ọ ni.”

Ó sọ ọ́, ó sì pẹ́ kó tó parí, nítorí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Obìnrin náà jókòó sórí àga tí wọ́n ká, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn.

“Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá bá gbọ́ pé mo purọ́,” Alága ní, “iṣẹ́ ẹ lọ nìyẹn. Ìwé ẹ lọ. Ojú bàbá ẹ...”

“Mo mọ ìyẹn náà.” Ó nu omi kúrò ní iwájú orí Alága. “Ẹ jẹ́ ká pa á mọ́ títí àsìkò á fi parí. Ẹ kàn má tún tà mí fún onímọ́tò.”

Pípa á mọ́ kò rọrùn, ó sì tún pani lẹ́rìn-ín. Bí Àbúrò bá bu omi fún un nídìí tábìlì, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á ní, “Ẹ wo ọmọ ìyá! Tèmi nílé ò lè fún mi lómi tí ilé bá ń jó.” Bí Alága bá ra bàtà fún un, gbogbo wọn á yìn ín. Awakọ̀, tó gba èsì rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ṣì ń gbé ohun mímu wá. Ó ní ọkàn obìnrin lè yí padà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀. Alága ń mu ún bí ẹni ń mu oògùn.

Èyí tó dùn wọ́n jù ni ti Ìyá Kọ́kọ́rọ́. Ó yà sí iyàrá ìjẹun lọ́jọ́ kan, ó bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ń pín ọsàn, ó dúró, àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dákẹ́.

“Èmi àti àbúrò mi,” ó ní, “ọdún mẹ́fà rèé tá ò ti bára wa sọ̀rọ̀. Tí mo bá rí ẹ̀yin méjèèjì, ó máa ń ṣe mí bíi kí n pè é.”

Ó lọ. Wọn ò lè jẹ ọsàn náà tán.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, àwọn àlejò dín kù. Òtẹ́ẹ̀lì mìíràn ti ń ti fèrèsé wọn pa. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ lẹ orúkọ àwọn mẹ́sàn-án tó máa dúró ní ìgbà òtútù mọ́ ara ògiri, nínú òṣìṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Orúkọ wọn kò sí níbẹ̀. Ó pè wọ́n wọlé, ó ní kí wọ́n jókòó.

“Àyè kan ló kù, ẹ̀yin méjèèjì ni mo sì fẹ́. Àmọ́ ẹ mọ òfin mi nígbà òtútù: ẹnì kan láti ilé kan, kó lè kárí. Ẹ lọ sọ ọ́ láàárín ara yín. Lọ́la, kí ẹnì kan wá sọ ẹni tó máa dúró.”

Wọ́n jáde sí etíkun. Ó ku àga mẹ́wàá péré níta.

“Ìwọ lò ń dúró,” Alága ní. “Wọ́n ń gba èèyàn sóko ọsàn, ó jìnnà díẹ̀ sí ibí.”

“Ó jìnnà tó báwo?”

“Ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì.”

“Ẹ sì pe ìyẹn ní díẹ̀.”

“Ìwé tèmi ṣì lágbára. Tìẹ máa kú lọ́jọ́ kọkàndínlógún oṣù tó ń bọ̀. Kí la tún ń rò?”

Kò bá a jiyàn, ìyẹn ló sì yẹ kó kìlọ̀ fún Alága. Ohun tí Àbúrò ń rò kò rọrùn. Tó bá dákẹ́, iṣẹ́ wà, ìwé wà, wọ́n á ṣe ojú kejì bàbá rẹ̀. Ohun tó sì máa san fún un ni pé ọkùnrin yìí á wọ bọ́ọ̀sì lọ, àwọn á sì tún padà wá gbé nínú irọ́ kan náà lọ́dún tó ń bọ̀, àti ọdún tó tẹ̀ lé e. Tó bá sọ òótọ́, gbogbo rẹ̀ lè bọ́ lójú kan náà.

Lówùúrọ̀, ó bá Ìyá Kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá aṣọ, níbi tó ti ń to tówẹ̀lì. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà ní èdè ibẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó la ẹnu, gbogbo rẹ̀ fò lọ, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké nìkan ló kù.

“Mà, ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni. Kì í ṣe ìyá kan náà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ó ṣàánú mi.” Ó bá a ká tówẹ̀lì kan. “Mo fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò lè jẹ́ kó lọ nítorí irọ́ tó pa kí n lè wà.”

Ìyá Kọ́kọ́rọ́ to tówẹ̀lì mẹ́ta sí i. Lẹ́yìn náà ló ní, “Lọ pè é.”

Alága dé, iyanrìn wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo ojú àwọn obìnrin méjèèjì, ó sì mọ̀.

“Lọ́jọ́ tó o fọwọ́ sí i,” Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní, “kí lo mọ̀ nípa ẹ̀?”

“Pé òtẹ́ẹ̀lì mọ́kànlá ti lé e, mà, ó sì tún fẹ́ lọ sí ìkejìlá.”

“Tó bá wá jà mí lólè ńkọ́?”

“Ẹ ò bá lé mi, mà.”

“Mo fi yín ṣe àpẹẹrẹ,” Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pe àbúrò mi nítorí yín. Mo sunkún lórí fóònù bí ọmọdé. Ó wá di pé ẹ̀yin kò tiẹ̀ bára yín tan!”

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì tó mọ́, ó sì jù ú sínú èyí tó dọ̀tí.

“Obìnrin yìí rí òrùka wúrà méjì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àlejò, ó gbé wọn wá fún mi. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, èmi fúnra mi. Òun dúró. Màá fi ìwé ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́la. Ìwọ lo fọwọ́ sí irọ́. Iṣẹ́ ẹ parí lónìí. Tí àsìkò bá padà dé, wá bi mí, bóyá inú mi á ti rọ̀.”

Alága bú sẹ́rìn-ín. Kò lè dá a dúró.

“Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?”

“Ẹ má bínú, mà,” ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Pé ẹ ní kó dúró ni.”

Níta, lẹ́bàá àwọn àga tí wọ́n ti kó jọ, obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ báyìí,” ó ní. “Ta ló wá kù?”

“Ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé obìnrin tó níṣẹ́ gidi lè fẹ́ ẹ?”

“Kó kọ́kọ́ lọ bi bàbá mi. Kó sì tètè lọ, kí ọkàn mi má tún yí sí onímọ́tò.”

Awakọ̀ gbọ́ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó wá sí etíkun, ó dúró níwájú Alága, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká àyà.

“Ohun mímu mélòó lo mu lọ́wọ́ mi?”

“Mi ò kà á.”

“Èmi kà á. Mo tẹrí ba fún ọ! Mo pè ọ́ ní sà! Àwọn tó wọ pátá ń wò mí!” Ó fẹ́ bínú sí i, ṣùgbọ́n bó ṣe rántí ara rẹ̀ níbi tó ti ń tẹrí ba, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì di ìdí àga kan mú kó má baà ṣubú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, “Wọ́n ń wá ẹni tó máa ha ìdí ọkọ̀ ojú omi níbi tí wọ́n ń fà wọ́n gúnlẹ̀ sí. Láti ìsinsìnyí títí àsìkò á fi dé. Mo mọ ọ̀gá wọn. Wọ ọkọ̀, ká lọ, kí n tó yí ọkàn padà.”

Bàbá káfíńtà nìkan ló kù, òun ló sì le jù. Alága pè é lọ́jọ́ Àìkú.

“Ọmọ mi ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi,” bàbá náà ní. “Ẹni tó lè purọ́ fún ọ̀gá ẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kó purọ́ fún ọmọ mi?”

“Mi ò ní àwíjàre, sà.”

“Pè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Ó pè é lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá náà bi í nípa òbí rẹ̀, ìlera rẹ̀, ọdún tó ti lò lókè òkun, bó ṣe ń ṣe tí inú bá bí i. Ó ní kó tún pè. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe báyìí.

“Mò ń ha ìdí ọkọ̀ ojú omi, sà. Igi ni àwọn ti àtijọ́.”

“Irú irin wo lo fi ń ha á?”

“Èyí tó fẹ̀, sà. Ọwọ́ mi ti bó tán.”

“O ń fi agbára ti i ni.” Ohùn bàbá náà yí padà lójú ẹsẹ̀. “Má fi agbára ṣe é. Tẹ irin náà sílẹ̀ díẹ̀, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn, kí o sì fà á bá ojú igi lọ. Ṣé ò ń gbọ́ mi? Lọ gbìyànjú ẹ̀ lọ́la, kí o pè mí lálẹ́. Má dúró di ọjọ́ Àìkú mọ́. Ọkọ ọmọ mi ò gbọdọ̀ máa ha igi bí ẹni ń ha ìkòkò.”

Obìnrin náà, tó ti gbé etí sẹ́yìn fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí òjò ń ṣẹ́ wẹliwẹli ni wọ́n fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó níwájú akọ̀wé ìjọba. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ jókòó níwájú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, àbúrò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì dárí ji Alága tán, ó sì sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá káfíńtà gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ojú kejì rẹ̀ wà nínú báńdéèjì, ó ń bi ẹni tó jókòó tì í pé kí ni wọ́n sọ báyìí, kí ni wọ́n sọ báyìí.

Awakọ̀ ló gbé tọkọtìyàwó padà, nínú bọ́ọ̀sì ọgbọ̀n ìjókòó tí kò sí àlejò kankan nínú rẹ̀. Wọn ò tíì kúrò ládùúgbò ibẹ̀ tí ìyàwó fi sùn lọ ní èjìká ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣí sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn ò di nǹkan kan mú.

“Ṣé kí n yà sílé?” Awakọ̀ bi í wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí wọ́n dé oríta.

Alága wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó ń sùn, ó mirí pé rárá.

Awakọ̀ pa rédíò. Ó gba ọ̀nà etíkun lọ, ó ń rọra wakọ̀ kọjá àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti tì pa, kọjá iyanrìn tí kò sí àga kankan lórí rẹ̀, títí dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Níbẹ̀ ló ti yí bọ́ọ̀sì padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.